Ojú Ọ̀tún Mátíù

Ní gáréèjì Ọ̀yọ́, bí ènìyàn bá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ Mátíù ni wọ́n máa ń ní kó dúró dè. Mátíù kì í sáré àsápajúdé. Kì í bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà, kì í sì í mu ọtí, nítorí ọmọ ìjọ Aládùúrà paraku ni, ẹni tó máa ń gbàdúrà sórí táyà kó tó ṣílẹ̀kùn fún èrò. Àwọn obìnrin Ọjà Akẹ̀sán tó ń lọ rajà ní Ọjà Igbó a máa sùn fọnfọn nínú ọkọ̀ rẹ̀ láti Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá Ẹ̀rí ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí Ẹ̀ríolúwa, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí.

Títílọlá ni ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìgboro Ọ̀yọ́, níbi tí dókítà kì í ti í yọjú lójoojúmọ́. Ohun tó máa ń dùn ún jù ni pé aláìsàn yóò jókòó níwájú rẹ̀, òun Títílọlá yóò ti fura sí ohun tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti sọ ọ́, kò sì láṣẹ láti kọ oògùn. Yóò ní kó lọ, kó padà wá lọ́jọ́ tí dókítà bá dé. Àwọn mìíràn kì í padà wá mọ́.

Nígbà tó gbọ́ pé yunifásítì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè kejì fún àwọn nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ gòkè sí i, kí wọ́n lè máa yẹ aláìsàn wò fúnra wọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe é, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń rọ́ àlá. Ó ti lé lógójì ọdún. Ó rò pé ọkọ òun yóò rẹ́rìn-ín ni.

Mátíù kò rẹ́rìn-ín. "Ibo lọkọ̀ mi ń lọ lójoojúmọ́?" ló bi í.

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni."

"Ó tán nìyẹn. Ìjókòó iwájú ti di tìrẹ. Ìwé ni kó o lọ wá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá ti ní kíláàsì, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni yóò jókòó sí, ìwé gbàǹgbà lórí itan rẹ̀, yóò máa kà á lọ, yóò máa kà á bọ̀. Bí àríyànjiyàn bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn èrò, Mátíù a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra, ìyàwó òun ń kàwé. Wọn a sì rọra. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń ki Títílọlá pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìwé o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ gbà á."

Ẹ̀kọ́ náà le ju bó ṣe rò lọ. Nígbà tó wà lọ́mọge, ohun tí dókítà bá ní kó ṣe ni wọ́n kọ́ ọ láti ṣe. Ní báyìí, wọ́n ń bi í pé kí lòun alára rò, kí ló sì mú un rò bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ wọn àgbà ni Dókítà Waliyat Àdìgún, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, tó máa ń we gèlè pẹlẹbẹ mọ́rí. Òun ló máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ má gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ wo ẹni tó jókòó níwájú yín."

Nílé, ara Mátíù ni Títílọlá fi ń kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, ọkọ rẹ̀ yóò bọ́ ẹ̀wù, yóò nà sórí àga gígùn, yóò ní, "Dókítà, mo ti dé." Obìnrin náà á gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, á tẹ ikùn rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, á fi òòlù rọ́bà kékeré gbá a lórúnkún títí tí Ẹ̀ríolúwa yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín para rẹ̀. A tún máa yẹ ìríran rẹ̀ wò. Wọn á jókòó kojú síra wọn, Mátíù á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, á fi èkejì tẹjú mọ́ imú ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà á wá na ìka sókè, kí ọkọ rẹ̀ sọ iye tó rí láìyíjú. Ìka kan lápá òkè, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, márùn-ún nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Títílọlá máa ń tò ó nígbà gbogbo. Mátíù kì í ṣì í.

Nígbà tí ìdánwò ńlá dé, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú àgbàlagbà kan wá, ẹni tó gbà kí wọ́n yẹ òun wò lójú àwọn olùdánwò. Títílọlá kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mátíù wọ bùbá funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn, ó nu ọkọ̀, ó kó àwọn èrò tí wọ́n jọ ń lọ, wọ́n sì gbéra.

Nígbà tí wọ́n ń wọ Ọjà Igbó, dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ náà gbá bárò kan tí alábàárù ń tì lọ létí ọ̀nà. Iṣu méjì yí lulẹ̀. Alábàárù náà gbé àwọn ará ọkọ̀ ṣépè.

"Àwọn wọ̀nyí kì í wọ̀nà," Mátíù wí, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Títílọlá kò gbójú sókè. Orúkọ àwọn iṣan inú orí ló ń há sórí.

Yàrá ìdánwò náà dà bí yàrá dókítà. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀, àga méjì, àti tábìlì tí Dókítà Àdìgún jókòó sí pẹ̀lú ọkùnrin olùdánwò kan tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Títílọlá kí ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. "Ẹ kú àárọ̀, sà. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó máa yẹ̀ yín wò." Mátíù náà dáhùn bí àlejò. Gbogbo nǹkan ń lọ geerege. Ó gbọ́ ọkàn, ó gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró, ó wo ọrùn, ó tẹ ikùn. Olùdánwò ọkùnrin náà ń mi orí, ó ń kọ nǹkan. Títílọlá bẹ̀rẹ̀ sí í nímọ̀lára pé ó ti bọ́ sí i.

Ó kan ojú. Ó fa àga, ó jókòó kojú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ bo ojú òsì, sà. Ẹ máa wo imú mi."

Mátíù bò ó. Títílọlá na ìka kan sókè.

"Mélòó lẹ rí?"

"Ọ̀kan."

Ó fẹ́ gbé ọwọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni apá kóòtù funfun tó wọ̀ bá há mọ́ eteetí àga. Ó bojú wolẹ̀ láti tú u, ṣùgbọ́n ẹnu ti yá ju ọwọ́ lọ. Ó ti bèèrè kó tó mọ̀ pé òun ti bèèrè.

"Mélòó lẹ rí?"

"Méjì," ni Mátíù wí.

Ọwọ́ Títílọlá ṣì wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ àga.

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Mátíù tẹjú mọ́ ọn, ojú rẹ̀ rọlẹ̀, ẹ̀rín díẹ̀ wà létè rẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé òun ń ṣe dáadáa. Lójú rẹ̀, ìbéèrè yìí ti dà bí orin tó ti mọ ègbè rẹ̀. Títílọlá rí i pé Dókítà Àdìgún ti gbé kálàmù sílẹ̀.

"Tún bi í," ni olùkọ́ náà wí wẹ́rẹ́.

Títílọlá kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí itan ara rẹ̀. Ó dì wọ́n mú.

"Mélòó lẹ rí, sà?"

"Márùn-ún."

Fáànù tó ń yí lókè yàrá náà kò dún sí Títílọlá létí mọ́. Ó gbé ọwọ́ òsì jáde lẹ́yìn etí ọ̀tún ọkọ rẹ̀, ó ṣí ìka rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó sì ń mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síwájú. "Ẹ sọ fún mi bẹ́ ẹ bá ti rí ọwọ́ mi." Ọwọ́ náà kọjá etí. Ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wá dúró níwájú ẹyinjú gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí èémí Mátíù fi ń kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti gbé e sókè ni?" Mátíù béèrè.

Títílọlá ní kó bo ojú ọ̀tún, ó yẹ òsì wò. Ìyẹn ń ríran, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọwọ́ bá ti bọ́ síwájú nìkan ló tó rí i. Ohun gbogbo tó wà lápá ẹ̀gbẹ́ ti sọnù. Bí ẹni ń fi ihò páìpù wo ìta ni.

"Nọ́ọ̀sì," ni olùdánwò ọkùnrin wí, "kí lẹ rí lára aláìsàn yín?"

Títílọlá mọ gbólóhùn tó yẹ kó sọ. Ó ti kọ́ ọ, ó ti kà á sókè nínú ọkọ̀. Ó wò ó pé bí òun bá ti sọ ọ́ báyìí, kò ní ṣeé gbé mì mọ́. Àwọn olùdánwò ń wò ó. Ó pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Aláìsàn mi," ó wí. "Aláìsàn mi kò fi ojú ọ̀tún ríran. Ẹ̀gbẹ́ ojú òsì náà ti ń lọ."

Mátíù sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Títí, kí lò ń sọ? Mo ń ríran. Èmi ni mo wa ọkọ̀ wá síbí."

Ọ̀rọ̀ náà dúró sáàárín yàrá. Ìgbà náà ni Títílọlá tó gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ. Òun ló wa ọkọ̀ wá. Ó rí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ó rí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń bú ramúramù kọjá, ó rí àwọn ọmọ iléèwé tó ń rìn létí títì ní ìlà gígùn. Ó rí ara rẹ̀ lórí ìjókòó iwájú, lápá ọ̀tún, tó tẹrí bọ ìwé.

Dókítà Àdìgún ti dìde. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mátíù. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ fọwọ́ ara yín bo ojú òsì. Kí lẹ rí?"

Mátíù bò ó. "Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé."

"Ṣé ẹ rí mi?"

"Rárá." Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé àárẹ̀ títì ni. Kò dùn mí, kò sì pọ́n."

"Kì í dunni. Ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká pe ilé ìwòsàn ojú."

Ṣùgbọ́n Mátíù ti ń de bọ́tìnnì bùbá rẹ̀. Ó ní òun dúpẹ́, òun ń lọ gba afẹ́fẹ́ síta. Ó jáde. Títílọlá jókòó síbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Olùdánwò ọkùnrin ń bá a sọ nǹkan, kò gbọ́ ọ. Dókítà Àdìgún ló fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ta ni yóò wa ọkọ̀ gbé yín padà sí Ọ̀yọ́?"

Títílọlá dìde, ó sáré.

Nígbà tó dé ìta, ọkọ̀ náà kò sí níbi tí wọ́n gbé e sí. Ó pe ọ̀kadà. Ó ní kó gbé òun lọ sí Ọjà Igbó, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti máa ń kó èrò. Lójú ọ̀nà, ó ń wo gbogbo ibi tí èèyàn bá kóra jọ sí, ẹ̀rù ń bà á pé ìjàǹbá ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ra dòdò Ìkirè ni, tàbí ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe.

Ọkọ̀ Mátíù ti kún. Ó ti wà lórí ìjókòó, ẹ́ńjìnnì ti ń dún, ẹni tó ń pe èrò ti lu ara ọkọ̀ pé kó máa lọ. Obìnrin kan gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ lórí ìjókòó iwájú, níbi tó jẹ́ ti Títílọlá. Títílọlá bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gba apá ọ̀tún dúró sí igun iwájú ọkọ̀ náà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Kóòtù funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Oòrùn ti là. Ojú ọkọ rẹ̀ kọ sí apá ibi tó wà.

Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Títílọlá kò sá. Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò sá, kò lè ṣàlàyé. Ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀ ni. Kò rò ó lọ́kàn pé èèyàn lè máa wo ìyàwó rẹ̀ báyìí kó má rí i. Obìnrin tó gbọ́mọ lẹ́sẹ̀ kígbe. Irin iwájú ọkọ̀ gbá Títílọlá nítan, ó ṣubú lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lù ú, gbàà.

Mátíù tẹ bíréèkì. Ó bọ́ sílẹ̀ tìbínú-tìbínú.

"Ta lèyí tí ikú ń pè? Ṣé ẹ kò rí ọkọ̀ ni?"

Ó yí iwájú ọkọ̀ kọjá. Ó ní láti yí gbogbo ọrùn rẹ̀ kí ojú òsì tó rí ẹni tó jókòó sílẹ̀ nínú eruku.

"Títí." Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀ pátápátá. "Níbo lo gbà yọ?"

"Iwájú yín ni mo dúró sí, Bàbá Ẹ̀rí."

"N kò rí ọ."

"Mo mọ̀."

"Mo wò. Mo wo ibẹ̀ kí n tó gbéra. Kò sẹ́nì kankan."

"Mo mọ̀. Mo rí yín bẹ́ ẹ ṣe ń wò."

Mátíù jókòó tì í nílẹ̀, tòun ti bùbá funfun. Àwọn èrò ti ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Hafeez, sáré dé, ó ní kí wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì dìde, ṣé egungun rẹ̀ kò ṣẹ́. Títílọlá ní egungun kò ṣẹ́. Ó ń wo ọkọ rẹ̀. Kò fẹ́ dójú tì í láàárín gáréèjì. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó padà sórí ìjókòó yẹn láyé.

Mátíù ló yanjú rẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ sókè.

"Hafeez, bá mi gbé àwọn èrò mi dé Ọ̀yọ́. Ojú mi kò dára."

"Ojú báwo, Bàbá Ẹ̀rí? Ṣé nǹkan kó sí i ni?"

"Kò dára," ni Mátíù tún wí. Obìnrin tó gbọ́mọ lẹ́sẹ̀ wo ọmọ náà, ó wo Mátíù, ó wá rọra lọ jókòó sẹ́yìn.

Dókítà Àdìgún ti pe ilé ìwòsàn ojú sílẹ̀ dè wọ́n. Dókítà ojú tó dá wọn lóhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin onísùúrù kan, fi ẹ̀rọ wọn bí omi inú ẹyinjú ṣe le tó, ó fi iná tínrín wo ẹ̀yìn ojú, ó sì jókòó. Ó ní gulokóómà ni. Ó ní omi inú ojú ló ń le ju bó ṣe yẹ lọ, tó ń tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ títí ìyẹn fi ń kú. Ti ojú ọ̀tún ti kú tán. Kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè jí i. Èyí tó kù lójú òsì, oògùn kíkán lè bá wọn dì í mú, bí Mátíù bá ń kán an lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

"Ọkọ̀ wíwà ńkọ́?" Mátíù béèrè.

"Ó tán, Bàbá."

Mátíù mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ iye owó ọjà fún.

"Ta ló ní irú rẹ̀ nínú ẹbí yín? Ta ló fọ́jú?" ni dókítà bi í.

"Kò sí."

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Àgbà ló dé sí tiwọn," ni Mátíù wí. "Èmi ni mo máa ń fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sóko kí n tó lọ síléèwé."

"Ẹ̀yin wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti darúgbó?"

Títílọlá ti béèrè ọ̀rọ̀ bàbá yìí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ nílé nígbà tí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọpa àìsàn nínú ẹbí. Mátíù ní ojú àgbà ni, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni bàbá rẹ̀ nígbà náà. Ó wá rántí Ẹ̀ríolúwa, ẹni tó máa ń gbé ìwé sún mọ́ ojú bó bá ń kàwé.

Ọkọ̀ elòmíràn ló gbé wọn padà sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí. Bí awakọ̀ bá ti sáré sún mọ́ ọkọ̀ mìíràn, ẹsẹ̀ ọ̀tún Mátíù á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kó dúró.

Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ìgbà náà ni Títílọlá tó lè béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú.

"Bàbá Ẹ̀rí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi há iye ìka sórí? Ẹ mọ̀ pé ẹ kò rí i."

"N kò mọ̀ pé ó tó báyìí."

"Ẹ mọ̀ pé ẹ kò rí ìka."

Mátíù fọwọ́ pa orí. "Ìgbà àkọ́kọ́ tó o ṣe é, mo sọ pé n kò rí i. O rántí? O ní ọwọ́ rẹ ni kò dáa, pé o ti nà án jìnnà jù. O sún un wá síwájú. Mo tún ní n kò rí i, o tún sún un. Ojú rẹ wá dàrú. O ní bóyá ọpọlọ rẹ kò gba irú ẹ̀kọ́ yìí mọ́, pé ọjọ́ orí ti lọ. Mo ní kí ló dé tí mo fẹ́ dá ọ lágara? Mo bá ń sọ iye tó o fẹ́ gbọ́. Mo fẹ́ kó o yege."

Títílọlá rántí. Ó rántí bó ṣe ń sún ọwọ́ náà, díẹ̀, díẹ̀ sí i, títí ó fi wà ní iwájú imú ọkọ rẹ̀, tí ìyẹn wá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti rí i." Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì jókòó sórí òkúta ìfọṣọ. Gbogbo ọdún tó fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá àìsàn, àìsàn ń na ọwọ́ sí i lójú, òun sì ń tún ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Àwọn àgbà ìjọ wá gbàdúrà. Wọ́n gbé omi àdúrà wá, ẹnì kan sì ní kó máa fi wẹ ojú òsì náà láàárọ̀. Títílọlá kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó dúpẹ́, ó ní kí ọkọ òun mu omi náà, kó sì fi wẹ̀ bó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan inú ojú, oògùn nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Wọ́n wo Mátíù pé kó sọ̀rọ̀.

"Ohun tí nọ́ọ̀sì mi bá wí ni," ló wí, ó sì gbé omi náà mu.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Dókítà Àdìgún ló pe Títílọlá wá sí ọ́fíìsì. Ó ní ó yege. Títílọlá kò dúpẹ́. Ó ní báwo lòun ṣe yege, òun tó ń bá ọkọ òun gbé inú ilé kan náà, tí òun kò sì mọ̀?

"O yege nítorí pé o sọ ọ́," ni olùkọ́ náà wí. "Ó pẹ́ kó o tó sọ ọ́, mo sì yọ máàkì nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ì bá ti gbọ́ 'méjì' yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa bá iṣẹ́ lọ."

"Mo kọ́ ọkọ mi ní irọ́, Ma. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Mo mọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ kó o wá sọ ọ́ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bó o bá lè sọ ọ́."

Títílọlá ní òun kò mọ̀ bóyá òun lè sọ ọ́.

Láìpẹ́, wọ́n kó gbogbo ẹbí Mátíù lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Hafeez ló wa ọkọ̀. Wọ́n yẹ Ẹ̀ríolúwa wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ojú rẹ̀ kò ní gulokóómà, gíláàsì ìkàwé ló nílò, ṣùgbọ́n yóò máa padà wá lọ́dọọdún. Títílọlá di ọmọ náà mú ṣinṣin tó fi ní, "Mọ́mì, ó ń dùn mí."

Ṣùbòmí, àbúrò Mátíù obìnrin, ló wọlé kẹ́yìn. Télọ̀ ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ó sì ti ń bá wọn ṣeré ní gbogbo ọ̀nà pé òun ṣì ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwọ gíláàsì. Nígbà tó jáde, ó di ìgò oògùn kékeré kan mú, ó ń wò ó bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ojú méjèèjì ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì mú nǹkan lọ.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó gbìyànjú láti kán oògùn náà, ó ṣàn sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tún gbìyànjú, ìpéǹpéjú rẹ̀ pa dé. Títílọlá dìde láti lọ ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Mátíù ti lọ síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá bẹ́ǹṣì, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó yí orí kó lè rí i.

"Má kán an sórí ẹyinjú," ló wí. "Fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kó ṣe bí àpò. Wo òkè. Ibẹ̀ ni kó o kán an sí. Ó máa tutù díẹ̀, má sá fún un."

Ṣùbòmí gbójú sókè, ó sì kán an.